Bí ẹ ṣe lè dáàbò bo ogúnléndé tó gba Agadez kọjá

Point Zéro ni wọ́n ń pe ibì kan nínú aṣálẹ̀, lẹ́bàá ààlà Niger, tí àwọn agbófinró Algeria ti máa ń já àwọn àjèjì tí Algeria lé jáde sílẹ̀. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí kànga. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin bíi kìlómítà 15 nínú iyanrìn kí wọ́n tó dé Assamaka, abúlé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Niger. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti gba fóònù àti owó lọ́wọ́ wọn. Láti Assamaka, wọ́n á wá ọkọ̀ dé Arlit, ọ̀nà bíi 200 kìlómítà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á já sí Agadez, ìlú ńlá ní àríwá Niger. Ní ọdún 2024 nìkan, àwọn tí Algeria lé sí Niger ju 31,000 lọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ Alarme Phone Sahara, tó máa ń yọ èèyàn nínú aṣálẹ̀ yẹn, ṣe kà á.

Nínú èrò yẹn, alágbàṣe tó kàn fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé bó bá padà sílé, pípa ni wọ́n máa pa á, òun náà wà níbẹ̀. Aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, eruku kan náà ló bò wọ́n. Nítorí ẹnì kejì yẹn ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí, fún ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ń tajà ní Niamey, ní Zinder, ní Arlit tàbí ní Agadez, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìmáàmù tí wọ́n máa ń sá wá bá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ògbufọ̀, àti ẹ̀yin òbí nílé tí fóònù máa ń dún sí lóru.

Ohun kan ló yẹ kó wà lọ́kàn yín kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀tọ́ láti tọrọ ààbò bẹ̀rẹ̀ níbi tí èèyàn dúró sí lónìí, kò dìgbà tó bá dé ibi tó ń lọ. Àwọn tó ń kó èèyàn sọdá máa ń sọ fún wọn pé, "Níbí kọ́ o, iwájú ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ti ti ọ̀pọ̀ èèyàn padà sínú aṣálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Niger ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 lórí ogúnléndé àti àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ọdún 1969, ó sì ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 1997. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà kọjá yìí, ilẹ̀ tó lófin ni.

Omi ṣáájú ọ̀rọ̀

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti aṣálẹ̀ dé, ẹ má tíì bi í ní nǹkan kan. Ẹ mú un wá sí abẹ́ òjìji. Ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀, torí bó bá gbé ike omi sẹ́nu tó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè bì í jáde. Bí kò bá sí omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà nílé oògùn, ẹ po ó fúnra yín: omi tó mọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó tẹ́jú, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì. Ẹ má ṣe fi iyọ̀ kún un pé kó lè ṣiṣẹ́ kíá, iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Ẹni tí kò tíì jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀kọ tó ṣàn tàbí fùrá díẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un, kì í ṣe túwó abọ́ kan.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ń dákú, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù bo ọrùn rẹ̀, abíyá rẹ̀ àti itan rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da omi sí i lẹ́nu.

Ẹ béèrè ohun tó sá fún

"Níbo lò ń lọ?" ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n. Bó bá ti dáhùn pé Ítálì, ẹni tó béèrè ti parí ẹjọ́ sínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ló ń wá. Ṣùgbọ́n ọmọ Eritrea tó sá fún iṣẹ́ ológun tí kò lópin máa dáhùn pé Ítálì, ará Sudan tí wọ́n jó ilé rẹ̀ náà lè dáhùn bẹ́ẹ̀. Ibi tí èèyàn ń lọ kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ìdí tó fi kúrò nílé.

Nígbà tó bá ti sinmi, tó jẹ́ ẹ̀yin méjì péré lẹ wà níbẹ̀, ẹ bi í báyìí: "Bí wọ́n bá dá yín padà sílé lónìí, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí yín?" Lẹ́yìn náà: "Ta lẹ̀ ń bẹ̀rù?" Ìbéèrè méjì yẹn tó. Ẹ má ṣe gbọ́ gbogbo ìtàn náà. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa dá ẹjọ́ rẹ̀, sísọ ọ́ lásọtúnsọ sì máa ń ṣí egbò ọkàn.

Ohun tí òfin sọ ni pé ogúnléndé ni ẹni tó ń bẹ̀rù inúnibíni nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, àwùjọ kan pàtó tó wà nínú rẹ̀, tàbí èrò òṣèlú rẹ̀, tí ìjọba rẹ̀ kò sì lè gbà á tàbí tí kò fẹ́ gbà á. Àdéhùn 1969 ti Áfíríkà fẹ ilẹ̀kùn náà síwájú sí i: ẹni tí ogun, tàbí ìkọlù láti òkèèrè, tàbí ìdàrúdàpọ̀ tó ba ìlú jẹ́ pátápátá lé kúrò nílé, ogúnléndé ni òun náà. Nítorí náà, ẹni tí ogun Sudan tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 lé jáde kò nílò láti fi hàn pé òun gan-an ni wọ́n ń wá kiri. Ogun tó dé ìlú rẹ̀ tó ẹ̀rí.

Ẹ má sì fi pásípọ́ọ̀tù dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà tí mi ò lè kà, pé "ọmọ Nàìjíríà ni, òwò ló bá wá." Ní ẹkùn Diffa, láti òpin ọdún 2014 ni ibùdó Sayam Forage ti ń gba àwọn ará Borno tí Boko Haram lé kúrò nílé. Ní Maradi, àwọn ará Sokoto, Zamfara àti Katsina ló kún ibẹ̀, àwọn tí àwọn agbébọn jó abúlé wọn. Ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn, ogúnléndé sì ni wọ́n. Ọmọ Yorùbá pẹ̀lú lè ní ìdí tí kò fi gbọdọ̀ padà sílé.

Ilẹ̀kùn méjì tó jọra

Ibí yìí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé jù. Àjọ méjì ni àwọn èèyàn Agadez máa ń dárúkọ pọ̀, OIM àti HCR. OIM, tí wọ́n ń pè ní IOM lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn arìnrìn-àjò. Wọ́n máa ń lọ kó èèyàn ní Assamaka, wọ́n ní ibùdó, wọ́n sì máa ń ran ẹni tó bá fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ láti padà. Iṣẹ́ rere ni, fún ẹni tó fẹ́ padà. HCR, tí wọ́n ń pè ní UNHCR lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni tàwọn ogúnléndé, òun àti ọ́fíìsì ìjọba Niger tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ aráàlú, àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn ogúnléndé, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú ní DGEC-MI-R.

Ẹni tó ń bẹ̀rù ilé rẹ̀, tí ebi ń pa, tí wọ́n ní kó wá forúkọ sílẹ̀ kó lè rí ibi sùn, lè fọwọ́ sí ìwé pé òun fẹ́ padà sílé láìmọ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ibùdó OIM ló ti kọ́kọ́ rí ibùsùn, kò burú, kó sùn, kó jẹun. Àmọ́ kó sọ ní kedere fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé òun kò lè padà, pé HCR lòun fẹ́ rí. Èdè Faransé ni ọ́fíìsì ń sọ. Ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn méjì yìí títí tó fi máa mọ̀ ọ́n lórí: "Je demande l'asile," ìyẹn ni pé mo ń tọrọ ààbò, àti "J'ai peur de retourner dans mon pays," mo ń bẹ̀rù láti padà sí orílẹ̀-èdè mi. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kó máa mú un kiri. Ìwé tí kò bá lè kà, kó má fọwọ́ sí i.

Lọ́fíìsì, wọ́n máa gba orúkọ rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti tọrọ ààbò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ìgbìmọ̀ ìjọba ló sì ń ṣe ìpinnu. Kọ́bọ̀ kan kò sí nínú gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gba owó fún fọ́ọ̀mù, tàbí kí orúkọ lè tètè jáde, gbájúẹ̀ ni, kódà bó bá so káàdì mọ́ ọrùn. Ẹ ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí náà, kó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó fọkàn tán. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé náà máa parí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé tó ń gbé. Ọ̀pọ̀ ìyọnu pẹ̀lú ọlọ́pàá ló ń wá láti ọ̀dọ̀ ìwé tó ti kọjá ọjọ́.

Àwọn kan ṣì máa ń fi ọjọ́ 90 tí àdéhùn ECOWAS fún ọmọ ẹgbẹ́ láti gbé láìgba físà dá ara wọn lójú. Niger ti kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ẹ má fi ọjọ́ 90 yẹn fún ẹnikẹ́ni ní ìdánilójú mọ́.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?

Ẹ̀rù òfin máa ń ba àwọn tó fẹ́ ṣe oore. Ní ọdún 2015, Niger ṣe òfin kan, 2015-36, tó sọ kíkó àwọn arìnrìn-àjò lọ sí ààlà di ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n ju awakọ̀ sẹ́wọ̀n. Àwọn tó kù fi ojú ọ̀nà tó ní kànga sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà ẹ̀bùrú, òùngbẹ sì pa èèyàn níbẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni ìjọba fagi lé òfin yẹn. Ẹni tó bá fún èèyàn lómi, lóúnjẹ, tó fi ọ̀nà ọ́fíìsì hàn án, kò ṣe àṣemáṣe kankan. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹnikẹ́ni kọjá ààlà sí Libya tàbí Algeria, torí wọ́n ní òfin tiwọn níbẹ̀. Ẹ má sì gba owó, kódà owó epo, lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ń ràn lọ́wọ́. Àdéhùn àgbáyé lórí kíkó èèyàn kọjá ààlà, èrè ló gbé ẹjọ́ kà.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ní àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní gẹ́tò ní Agadez, níbi tí wọ́n ń kó àwọn èrò pamọ́ sí títí ọkọ̀ yóò fi gbéra, ìtàn wà fún títà. Wọ́n á ní, "Sọ pé ará Darfur ní Sudan ni ẹ́." Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má rà á. Òṣìṣẹ́ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ máa béèrè orúkọ ọjà, odò tó wà nítòsí, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nígbà ọdún. Irọ́ kan ṣoṣo máa ń ba òtítọ́ mẹ́wàá jẹ́, ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó ní ìdí gidi lọ fi ìtàn ẹlòmíràn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí kò bá rántí ọjọ́, kó má dá ọjọ́ sílẹ̀. Kó sọ pé ìgbà ìkórè ni, tàbí ọjọ́ kejì Iléyá, tàbí ìgbà tí ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Bí kò bá mọ nǹkan, kó ní òun kò mọ̀. Obìnrin lè béèrè pé obìnrin ni kó fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò. Ẹnikẹ́ni lè kọ ògbufọ̀ tó bá jẹ́ pé apá ibi tó ń lé e kiri ni ògbufọ̀ náà ti wá, tàbí tí wọn kò gbọ́ ara wọn yé. Kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá di ẹ̀yìn ọ̀la, ó ti wọnú ìwé.

Fún ẹ̀yin ògbufọ̀, mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Obìnrin kan tó ti Libya dé sọ̀rọ̀ ní Yorùbá lójú mi, ó ní, "Wọ́n ṣe mí báṣubàṣu." Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ohun tó ní lọ́kàn. Èmi, nítorí ìtìjú àti ọ̀wọ̀, mo túmọ̀ rẹ̀ ní Faransé pé wọ́n hùwà tí kò dáa sí i. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ìfipábánilòpọ̀ tó ṣẹlẹ̀ léraléra di "ìwà tí kò dáa," torí pé mo fẹ́ bo àṣírí rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tún ìwé náà kà fún un kó tó fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ bo ohun tó ní lọ́kàn, mo máa ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé, "Ọ̀rọ̀ tó lò ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n bi í ohun tó ní lọ́kàn." Ẹ má fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, ẹ má sì yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá sọ pé "mo," ẹ túmọ̀ rẹ̀ pé "mo."

Kí ó ní kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún òun kó tó fọwọ́ sí i. Bí ìgbìmọ̀ bá kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì parí: ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún un wò, ọjọ́ tí wọ́n sì fún un kì í pọ̀. Kó béèrè ọjọ́ náà kó tó kúrò níwájú wọn.

Obìnrin àti ọmọdé

Bí wọ́n bá ti fipá bá ẹnì kan lò, ọkùnrin tàbí obìnrin, wákàtí ló ń lọ. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dáa jù. Oògùn tó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ dé wákàtí 120. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú un lọ, kẹ́ ẹ tó ronú nípa ọ́fíìsì. Ẹ má béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n mú búra kí wọ́n tó kúrò ní Nàìjíríà, pàápàá láti agbègbè Benin. Ẹ̀rù ìbúra yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n dárúkọ ẹni tó kó wọn. Ẹ má fi ẹ̀rù wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé Ọba Ewuare Kejì ti Benin fúnra rẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 2018, tú gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká ní gbangba, ó sì fi àwọn tó ń lo jùjú fi èèyàn ṣòwò gégùn-ún. Mo ti rí ojú tó yí padà nígbà tí mo sọ èyí. Ẹ rántí pé ẹni tí wọ́n fi ṣòwò lè tọrọ ààbò pẹ̀lú, bó bá jẹ́ pé àwọn tó tà á ṣì ń dúró dè é nílé.

Ọmọ tó dá wá, ẹ má mú un lọ sílé yín kẹ́ ẹ sì panu mọ́, bó ti wù kí àánú ṣe yín tó. Ẹ fi tó HCR àti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí lọ́jọ́ kan náà. Àgbàlagbà tó bá ní òun ni "bùrọ̀dá" ọmọ náà, ẹ bi ọmọ ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Fọ́tò, orúkọ, ẹnu

Ẹ má gbé ojú wọn sórí Facebook, kódà láti fi wá ìrànlọ́wọ́. Ẹyin lohùn. Ìjọba tó ń lé èèyàn kiri máa ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń gba owó ìtúsílẹ̀ ní Libya náà ń wò ó. Bẹ́ ẹ bá nílò láti kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan, kẹ́ ẹ má kọ ìlú rẹ̀ mọ́ ọn.

Bí wọ́n bá mú un

Ẹ fara balẹ̀ bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, ẹ kí wọn, ẹ fi ìwé rẹ̀ hàn. Abala 31 àdéhùn 1951 ní kí wọ́n má fìyà jẹ ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé nítorí ewu, bó bá ti yọjú láìpẹ́ tó sì sọ ìdí rẹ̀. Abala 33 ní kí wọ́n má dá ogúnléndé padà síbi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Ẹ pe HCR lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ àgọ́ ọlọ́pàá tó wà, wákàtí tí wọ́n mú un, àti nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀.

Ìdúró tó gùn

Oṣù Kọkànlá ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kó àwọn ogúnléndé kan láti àtìmọ́lé Libya wá sí Niger. Hamdallaye, nítòsí Niamey, ni wọ́n wá ń kó wọn sí nígbà tó yá, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó àwọn kan lọ sí Yúróòpù àti Kánádà. Ìròyìn yẹn ló mú kí gbogbo ẹni tó dé Agadez máa rò pé bàálù ń bọ̀. Àwọn ará Sudan tí wọ́n wà ní ibùdó ẹ̀yìn ìlú Agadez dúró, wọ́n dúró, títí ìbínú fi dé, tí iná sì jó púpọ̀ nínú ibùdó náà ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Nínú gbogbo ogúnléndé ayé, àwọn tí orílẹ̀-èdè mìíràn máa ń gbà lọ́dún kan kò pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ sọ èyí fún wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ìlérí tí kò ṣẹ ló ń lé wọn padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń kó èèyàn sọdá.

Ohun tẹ́ ẹ lè fún wọn ni ìgbé ayé nígbà ìdúró. Ẹ kọ́ wọn ní Haúsá ọjà. Ẹ jẹ́ kí téló jókòó sídìí ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ bá wọn wá ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ. Oru-Ìjẹ̀bú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa nílé, gba àwọn ará Liberia tí ogun lé kúrò nílé láti ọdún 1990, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lo ọdún gbọọrọ níbẹ̀. Ìdúró ogúnléndé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé

Bí ìpè bá wọlé láti aṣálẹ̀, ẹ má lo ìṣẹ́jú rẹ̀ fún ìbáwí. Ẹ béèrè orúkọ ìlú tó wà, orúkọ ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀, àti bóyá ó lómi. Ẹ kọ nọ́ńbà tó pè, ọjọ́ àti wákàtí. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, ẹ gba ohùn náà sílẹ̀, ẹ béèrè láti bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò ní Nàìjíríà láti ọdún 2003. Bí ohùn rẹ̀ bá ti dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, Red Cross máa ń bá èèyàn wá ẹbí tó sọnù lójú ọ̀nà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú fọ́tò rẹ̀ lọ, orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé àti èyí tó wà lórí ìwé, àmì tó bá wà lára rẹ̀, àti nọ́ńbà ìkẹyìn tó fi pè yín.